Kí Ewé Rọ́bà Tó Wọ́ Tán

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé póò yẹn kúrò lórí àga. Èèyàn ni àga wà fún."

Ọkọ̀ ló sọ̀rọ̀. Àyọ̀ká fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀bà òun.

"Aláròyé, ìwọ tí o kì í tọ̀, kí lo mọ̀ nípa póò? Èmi àti ọkọ mi tí à ń lọ yìí, bí a bá rẹ́rìn-ín, ó dà. Bí a bá wúkọ́, ó dà. Jẹ́ kó o fò kọjá lórí kòtò kan ṣoṣo, wàá mọ̀ pé àgbà wọ inú rẹ lónìí."

"Kò sí kòtò lójú ọ̀nà mọ́, ẹ̀yin ìyá wa. Ọ̀nà ń tún ara rẹ̀ ṣe."

"Mo gbọ́. Ìdí tèmi kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Póò ń lọ."

Ọkọ̀ àdúgbò ni, ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀, tí agboolé kọ̀ọ̀kan ń gbà lò nígbà tó bá kàn wọ́n. Àmì àti nọ́ńbà gbọọrọ kan ni orúkọ tí ìlú kọ sí i níwájú, ṣùgbọ́n Àyọ̀ká ló sọ ọ́ ní Aláròyé, torí pé ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán. Kò sí ohun tí Àyọ̀ká kò lè sọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ agboolé Láyẹni ni ó ti ń sọ orúkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ó sọ ẹni tó ga ní Òpómúléró. Ó sọ ẹni tó fẹ́ràn ìwé ní Akọ̀wé. Ọmọ ọwọ́ tó tọ̀ sí i lára ní ọjọ́ kìíní, ó sọ ọ́ ní Abomitútù, ọmọ náà sì jẹ́ ẹ títí ó fi di bàbá àgbà. Nígbà tí èèyàn tán nílẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ń jẹ́ Ìyàwó Kékeré. Ẹyẹ irin ìjọba tó máa ń fò lórí òrùlé láràárọ̀, tí ń wo ilẹ̀ bóyá ewé kan já bọ́, òun ń jẹ́ Ojúkòkòrò.

Ewé kì í já bọ́ ní Iléṣà mọ́. Igi inú odi ìlú, àtúndá ni gbogbo wọn: wọ́n ń mu èéfín, wọ́n ń ta ibòji, ní ẹ̀ẹ̀rùn ní òjò, àwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ń wọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí Àyọ̀ká ju ewé tó fi pọ́n mọ́ínmọ́ín sí ẹ̀yìnkùlé, Ojúkòkòrò bà sórí ìgànná, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé, pé igi kan ti ń ṣàìsàn ní àdúgbò yìí o. Àwọn dókítà igi mẹ́ta ló wá. Àyọ̀ká fún wọn ní mọ́ínmọ́ín, wọ́n jẹ, wọ́n lọ.

"Ìyàwó!"

Ohùn náà ti inú ilé wá.

"Ọkọ mi!" ni Àyọ̀ká dáhùn. "Ẹ máa bọ̀, àwa nìkan là ń dúró dè yín, èmi àti ẹ̀rọ tí kò ní àpò ìtọ̀."

Ọkọ tó ń pè kì í ṣe ọkùnrin. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ni, èyí tí Àyọ̀ká sọ ní Eyínmẹ́nugún. Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù òtútù nípọn-nípọn, ó fi òrí para títí ó fi ń dán bí ìṣasùn tuntun. Inú odi kì í tutù, ọyẹ́ kì í wọbẹ̀, ṣùgbọ́n ìta odi ni wọ́n ń lọ.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni Aláròyé wí, "òrí yẹn á lẹ̀ mọ́ àga."

"Kó lẹ̀ mọ́ ọn," ni Eyínmẹ́nugún wí. "Àga rẹ gbẹ jù."

Ó jókòó, ó na ọwọ́ kí Àyọ̀ká bá a so bẹ́líìtì. Ẹ̀gbà funfun kan wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni ìlú ń fi irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń gbọ́ bí ìfun ṣe ń kùn, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sì sún mọ́ ẹnu odi láìní onígbọ̀wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin arẹmọlẹ́kún, kò sì ní í dákẹ́ àfi tí àgbà náà bá padà sílé. Bí ẹni náà bá wá pé ọgọ́rin, onígbọ̀wọ́ gan-an kò wúlò mọ́. Odi ti pa dé mọ́ ọn nìyẹn. Ìlú kò fẹ́ kí àgbà kankan ṣubú sí ibi tí ìlú kò ti ní í gbọ́. Ìfẹ́ ló fà á. Àwọn aṣòfin ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ọ̀la ni Eyínmẹ́nugún yóò pé ọgọ́rin.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìdí ìrìn àjò?" ni Aláròyé bi wọ́n.

"Mo ti sọ fún ọ láti oṣù tó kọjá. Ewé là ń lọ wò."

"Ewé pọ̀ nínú odi."

"Ewé pupa. Oko rọ́bà àtijọ́, lẹ́yìn odò Ọ̀wẹnà. Ọyẹ́ ti dé, ewé ti pọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á wọ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Aláròyé. "Ewé tó bá pọ́n ti fẹ́ kú. Ṣé ohun tó ń kú lẹ fẹ́ lọ wò?"

"Kì í ṣe pé ó ń kú," ni Eyínmẹ́nugún wí. "Ó ń wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí kó tó jáde nílé. Máa lọ, ọmọ."

Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n ti ń múra ìrìn àjò yìí láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde. Wọ́n ti jà lórí ohun jíjẹ: Eyínmẹ́nugún fẹ́ ẹ̀pà, Àyọ̀ká ní eyín mẹ́ta tó kù sí i lẹ́nu kò lè jẹ ẹ̀pà dé Ọ̀wẹnà, bó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀la ló máa gbé e mì, wọ́n wá fẹnu kò sórí dòdò àti ẹ̀kọ. Wọ́n ti jà lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n máa wa ọkọ̀. Wọ́n ti pinnu ibi tí wọ́n máa jókòó sí nínú oko, lórí òkúta pẹlẹbẹ kan tí kò dájú pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò jà lórí rẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ń lọ.

Ilẹ̀ òkè Ekìtì ni Àyọ̀ká ti wá ṣe ìyàwó, níbi tí kò ti fojú kan igi rọ́bà rí. Oko rọ́bà yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó ń fi ọ̀bẹ sá igi lára kí oje rẹ̀ lè sun sínú ife. Ọyẹ́ mú, Eyínmẹ́nugún ní kí ìyàwó tuntun bá òun gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí wọ́n ti gun òkè tán, Àyọ̀ká wo iwájú, gbogbo oko pupa fòò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó ń jó lọ jó bọ̀. Ó fi ariwo ta: "Ẹ gbà wá o! Oko ti gbiná!" Kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó da omi tí ọkọ rẹ̀ máa mu sí ìdí igi àkọ́kọ́, ó yí padà, ó fi eré sí i, ìró já bọ́ lọ́nà, yẹ̀rì nìkan ló fi wọ àárín abúlé, Eyínmẹ́nugún ń sá tẹ̀lé e. Gbogbo ọkùnrin gbé korobá. Wọ́n sáré lọ pa iná. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ewé ni.

Bàbá ọkọ rẹ̀ ní kí ẹni tó kọ́kọ́ kígbe bọ́ síwájú. Kí Àyọ̀ká tó gbé ẹsẹ̀, ọmọbìnrin Láyẹni ti bọ́ síta. "Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo rí i bí iná." Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ oko rọ́bà, tí ewé pupa ti ń já lé lórí láti ọjọ́ tó ti ń rá! Títí ó fi lọ sílé ọkọ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹ gbé omi o, ọmọ Láyẹni tún ti rí ewé. Kò tú àṣírí náà. Ó kàn yíjú sí ìyàwó tuntun lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun báláú bí àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí ọkọ tirẹ̀ kú, tó padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì wá jọ dàgbà lójú kan bí ẹsẹ̀ àga.

Ẹnu odi yọ níwájú wọn, ilẹ̀kùn dígí gbàràmù-gbaramu. Lẹ́yìn rẹ̀, eruku ọyẹ́ ń fò, gbogbo nǹkan pọ́n bí omi osùn tó ti ṣá. Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí, bó bá sì ti dé àtàrí, ilẹ̀kùn kì í ṣí mọ́ fún ẹni tó ń jáde.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Eyínmẹ́nugún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Onígbọ̀wọ́," ni Aláròyé wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó di ohùn ìjọba, "ẹ pe ẹni tí ẹ ń mú jáde ní orúkọ rẹ̀, kí ó gbọ́, kí ó sì jẹ́ yín."

"Ìyẹn nìkan?" ni Àyọ̀ká wí. Wọ́n ti sọ fún un pé onígbọ̀wọ́ máa sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu odi, ó sì ti rò pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni. "Eyínmẹ́nugún!"

"Oo!"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Eyínmẹ́nugún nínú ìlú yìí," ni Aláròyé wí.

"Kò sí kẹ̀? Ta ló wá jókòó tì mí, tó ń fi òrí ba àga rẹ jẹ́?"

"Kí ni ẹni náà jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi."

"Ọkọ yín, Adégòkè Láyẹni, ti di olóògbé."

"Ta ló bi ọ́? Ìyẹn ni ọkọ tó fẹ́ mi. Èyí ni ọkọ tó bá mi gbélé."

"Sọ fún un, ìyàwó!" ni Eyínmẹ́nugún wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin ni ẹni tó jókòó yìí."

"Ṣé mo ní kì í ṣe obìnrin ni? Ọkọ tó jẹ́ obìnrin ni! Ọmọ bàbá ọkọ mi, ẹni tí mo bá nílé. Àwọn tó dá ọ, ṣé wọn kò níyàwó nílé ni?"

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni kí ẹ pè, ẹ̀yin ìyá wa. Láìní ìyá, láìní ọkọ, láìní àǹtí níwájú rẹ̀."

Àyọ̀ká mọ orúkọ náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ láìmọye ìgbà, tó ń ké e láti ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n kò tíì gba ẹnu tirẹ̀ jáde rí. Ìyá rẹ̀ ti fà á létí nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ó ní bí o bá jalè níbẹ̀, wọ́n lè dárí jì ọ́. Bí o bá pe ọmọ ilé lórúkọ, èmi ni wọ́n máa bú.

"Ẹ di etí yín, ọkọ mi," ni ó wí.

Eyínmẹ́nugún fi ìka méjèèjì di etí.

"Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó jẹ́," ni Aláròyé wí.

"Aláròyé, Ọlọ́run á mú ọ."

Ó gbìyànjú láti fi ikọ́ bò ó. Ikọ́ nìkan ló jáde, àti nǹkan díẹ̀ mìíràn tí kò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbìyànjú láti ké e bí ẹni ń kọrin, ohùn rẹ̀ dé ìdajì, ó há. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti sin ọkọ, ó ti bá àwọn dókítà igi jà, orúkọ lásán ló wá há a lọ́fun bí egungun ẹja!

"Ẹ fún mi láṣẹ," ni ó bẹ̀ ẹ́. "Ẹ kàn ní kí n máa pè é."

Eyínmẹ́nugún ti yọ ìka létí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo eruku pupa lẹ́yìn dígí náà. "Àṣẹ kì í ṣe tèmi, ìyàwó. Èmi kọ́ ni mo fi òfin yẹn lélẹ̀, àwọn tó fi í lélẹ̀ sì ti sùn." Ó fi ọwọ́ pa itan Àyọ̀ká. "O kò gbọ́dọ̀ ba ẹnu rẹ jẹ́ nítorí ewé. Jẹ́ ká padà. A ó jẹ dòdò wa nínú yàrá, kí ẹ̀gbà yìí lè panu dé."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bó ti sọ "Èmi ni, Bàbá" níjọ́sí. Ìyẹn ló wọ Àyọ̀ká lákínyẹmí ara. Obìnrin yìí tún fẹ́ ru ẹ̀sín tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún fẹ́ ká sọ lọ́la, nígbà tó bá pé ọgọ́rin, pé òun ni kò fẹ́ lọ mọ́.

"Ẹ̀yin ìyá wa, oòrùn ti fẹ́ dé àtàrí. Ṣé kí n yí padà?"

"Yí padà," ni Eyínmẹ́nugún wí.

"Dúró!" ni Àyọ̀ká wí.

Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀. Ó gbé ara rẹ̀ sí àárín àga iwájú àti àga ẹ̀yìn, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn máa ń wà, ó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké pàà, ìdí rẹ̀ há, agbọ̀n dòdò dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ìyá wa, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wà nìyẹn!"

"Ibi tí ìyàwó ń wà ni. Panu dé." Ó kúnlẹ̀ tán, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Ó gbé ojú sókè wo àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó pè é.

"Ìbídùnní."

Ẹ̀gbà náà ṣì ń kọrin. Obìnrin náà ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn.

"Kò sí ìdáhùn," ni Aláròyé wí.

Òógùn bo Àyọ̀ká. Mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ni ó rò. Inú ti bí i. Bí mo bá kú, gbogbo ilé Láyẹni ló máa tò sẹ́nu ọ̀nà ọ̀run láti da ẹgba bò mí. Ṣùgbọ́n ó ti kúnlẹ̀ ná, kò sì dá a lójú pé òun lè dìde.

"Ìbídùnní Àńkẹ́, ọmọ Láyẹni."

"Tún un pè," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ.

"Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn," ni Aláròyé wí.

"Ìbídùnní!"

"Oo," ni ó wí. Omijé ti dé. "Oo. Oo, èmi nìyí."

Ẹ̀gbà dákẹ́ lójijì. Ilẹ̀kùn dígí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọyẹ́ sì fẹ́ wọlé, ó gbẹ, ó tutù, ó ń rùn bí igbó tó ti jóná.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi," ni Àyọ̀ká ń wí. "Ẹ dárí jì mí, ẹnu mi ló..."

"Bínú kẹ̀?" Ìbídùnní fi etí ẹ̀wù òtútù nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ, lẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, kí ó tó kú. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Màmá. Ẹ̀gbà ń pè mí ní Àgbà. Ìwọ ń pè mí ní eyín tí n kò ní mọ́. Ìyàwó, inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti máa ń pe ara mi lórúkọ, tí omi bá ń dà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Mo ń bẹ̀rù pé màá gbàgbé rẹ̀."

Àyọ̀ká wò ó. Gbogbo ọdún tí òun fi ń bọ̀wọ̀ fún un, òun ni òun ń fi orúkọ rẹ̀ dù ú.

"O sì ti ṣẹ̀," ni Ìbídùnní wí, ó nàró lórí àga bí baálé ilé. "Ìyàwó tó pe ọmọ ilé lórúkọ gbọ́dọ̀ san ìtanràn. Láti ibí títí a ó fi dé oko rọ́bà, orúkọ yẹn ni wàá máa pè mí. Mi ò fẹ́ gbọ́ òmíràn."

"Láti orí ìkúnlẹ̀?"

"Bó o bá lè dìde, dìde."

Kò lè dìde. Àwọn méjèèjì fa ara wọn, ọ̀kan ń ti, ọ̀kan ń fà, ẹ̀rín kò jẹ́ kí agbára wọn pé, dòdò sì ń tẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ ti gbé wọn kọjá odi kí ìdí Àyọ̀ká tó kan àga padà. Lápá ọ̀tún wọn, igi kan dá dúró létí ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò tún dá, ewé orí rẹ̀ sì ti ń pọ́n létí-létí.

"Ìbídùnní!" ni Àyọ̀ká ké.

"Oo!"

"Ìbídùnní Àńkẹ́!"

"Oo!"

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni Aláròyé wí, "ẹ ti pè é, ó sì ti jẹ́ yín. Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tún un pè."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?" ni Àyọ̀ká wí. Ó gbá ẹ̀yìn àga rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún un pè.